Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Bá Wa Dáná Ọdún

Sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Abéèrè, Òṣogbo.

Ẹ̀dà sí: Àjọ Adójútòfò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Kábíyèsí Akìrun ti Ìkìrun, Kábíyèsí Olúnísà ti Ìnísà, Kábíyèsí Olókukù ti Òkukù.

Kọmíṣánnà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé wá, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ wá a títí kí ẹ tó rí i. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ìjọba gba àwọn tó kọ́ṣẹ́ occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi iṣẹ́ tí ènìyàn mọ̀ ṣe mú ara rẹ̀ bọ̀ sípò, sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, kí wọ́n sì fi oúnjẹ ọdún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àrùn ọpọlọ, ọ̀dọ́ tó ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ oògùn olóró, àti àgbàlagbà tí ìgbàgbé ń yọ lẹ́nu máa pàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú Iléyá, ṣáájú Kérésìmesì, àti ṣáájú ọdún ìbílẹ̀ ìlú kálukú. Kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n máa pọ́n ọ̀lẹ̀, kí wọ́n máa gé ẹran, lójú ẹni tó mọ ìdí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ oògùn.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín sí i. Á ní, “A ò tíì rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rà tán, o ń sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ̀.” Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe pàtàkì, mi ò jiyàn. Òun ló ń jẹ́ kí rọpárọsẹ̀ má padà wá. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn inú ìgò tó lè kọ́ obìnrin bó ṣe máa tún ìró rẹ̀ ró, bó ṣe máa ro ọkà, bó ṣe máa ka owó lọ́jà kí wọ́n má rẹ́ ẹ jẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo ń wí yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo agbo ilé èyíkéyìí lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Ìdájí ni odó ti ń dún. Àwọn ìyàwó ilé ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: èyí ń bẹ iṣu, èyí ń gbọ́ ti ata, èyí ń fẹ́ iná. Àwọn ọmọdé ń pọnmi. Àwọn ọkùnrin ti so àgbò mọ́lẹ̀, wọ́n ń ké sí ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àfi ẹnì kan. Ìyá tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n ti wẹ̀ fún un, wọ́n ti wọ lééṣì fún un, wọ́n ti gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ dìde, wọ́n á ní, “Ẹ jókòó, Màmá, ẹ má da ara yín láàmú.” Bó bá na ọwọ́ sí àwo ẹ̀wà, wọ́n á ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ẹ ti ṣe tiyín.” Oúnjẹ á wá bá a níbi tó wà, ẹnì kan á sì máa bù ú sí i lẹ́nu.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó: obìnrin tó ti ṣe olórí ìdáná láti ìgbà èwe rẹ̀, tó ń fojú díwọ̀n iyọ̀ ìkòkò àsè, tó jẹ́ pé òun ni ìyàwó tuntun máa ń bi léèrè kó tó da èlùbọ́ sómi, ti di àlejò nínú ilé tó darúgbó sí. Ẹ̀gbẹ́ ara kan ni àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni a gba ipò rẹ̀.

Ìpalára yìí kò mọ sórí ọkàn nìkan. Rọpárọsẹ̀ máa ń ba apá kan nínú ọpọlọ jẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ lè wá ọ̀nà mìíràn láti darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, bí ẹni náà bá ń fi wọ́n ṣe ohun tó nítumọ̀ sí i, tó sì ń ṣe é léraléra. Bí ó bá fi ọwọ́ tó rọ sílẹ̀ láìlò, nítorí pé èkejì yá jù ú lọ, ọpọlọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ọwọ́ ọ̀hún wà. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àìsàn ni àǹfààní yìí pọ̀ jù, àsìkò náà gan-an sì ni ìdílé máa ń ní kí aláìsàn jókòó, kó sinmi.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ ní agbègbè wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn bílíọ̀nù 2.4 ló ní àìsàn tàbí ìpalára tí ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò lè ràn lọ́wọ́, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lórí ilẹ̀ ayé. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí rọpárọsẹ̀ ní tirẹ̀ ń kìlọ̀ pé nínú àgbàlagbà mẹ́rin, ọ̀kan lè ní in kó tó kú. Ní oṣù May 2023, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé kí ìjọba orílẹ̀-èdè gbogbo fi irú ìtọ́jú yìí kún iṣẹ́ ilé ìlera, títí kan ilé ìlera alábọ́dé tó wà nítòsí ará ìlú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọgbọ́n òkèèrè ni mo fẹ́ kó wá, kó rántí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, ní Abẹ́òkúta. Ilé tí ìjọba amúnisìn ṣí fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábà ní 1907, àhámọ́ ló jẹ́ jù. Ti Lantoro ní Abẹ́òkúta tẹ̀lé e ní 1944. Ìgbà tó di 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gbé ètò mìíràn kalẹ̀ ní Aró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á máa bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á sì jọ máa gbé pọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà wá ṣe àpérò ní Abẹ́òkúta, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973.

Ohun tí Lambo rí ni pé inú ayé tí aláìsàn fẹ́ padà sí ni ó yẹ kí a ti wò ó sàn. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a gbà kọjá ibi tó dé: ní Aró, ìbátan ló ń dáná. Ó tó àkókò kí aláìsàn náà di ọmọrógùn mú.

Àwọn tó sọ occupational therapy di iṣẹ́ tó dá dúró ní Amẹ́ríkà ní 1917 gbà pé iṣẹ́ tó bá nítumọ̀ sí ènìyàn lè wo ènìyàn sàn. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka yìí sábà máa ń ní ilé ìdáná kékeré nínú ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó ní kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù máa lọ sílé, wọ́n lè ní kó po tíì, kó sun búrẹ́dì, kí wọ́n máa wò ó. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Ní 1993, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Carolyn Baum àti Dorothy Edwards, gbé ìdánwò kan jáde fún àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà: kí ẹni náà se oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní pudding. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan tì í? Ṣé ó kó ohun èlò jọ? Ṣé ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan? Ṣé ó tò wọ́n bó ṣe yẹ? Ṣé ó mọ ibi tí ewu wà? Ṣé ó mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí?

Ìbéèrè mẹ́fà yìí dára, mo sì fẹ́ kí a gbà wọ́n. Pudding ni n kò fẹ́. Ìyá tí kò jẹ ẹ́ rí, tí kò sè é rí, bó bá kùnà nídìí rẹ̀, kí ni a mọ̀? Ọ̀lẹ̀ ni kí a fi bi í. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀lẹ̀ palẹ̀ fún yín.

Àkọ́kọ́ ni ṣíṣà. Ẹ da ẹ̀wà sórí atẹ níwájú ẹni tí àìsàn kọlù ọpọlọ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ lè rí i pé á ṣa òkúta apá ọ̀tún atẹ mọ́ féfé, kó má sì fọwọ́ kan apá òsì rárá. Ojú rẹ̀ ríran. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ka apá òsì sí mọ́. Ará ilé tí kò mọ̀ á ní ọ̀lẹ ni. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á ta aṣọ pupa sí etí atẹ lápá òsì, á ní, “Màmá, ẹ wá aṣọ pupa yìí rí kí ẹ tó sọ pé ẹ ti ṣà á tán.” Bí òkúta bá ti ń dín kù lápá òsì láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ìdílé pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Èkejì ni bíbó. Ẹ̀wà tó ti rẹ sómi fẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ tó le á mú èyí tó rọ wọ inú omi, wọ́n á jọ máa ra á. Omi kì í wúwo, ẹ̀wà kì í fọ́ bí awo, kò sì sí ohun tó lè bàjẹ́ bí ìka bá yọ̀. Ẹni tí kò lè di bírò mú lè ṣe èyí.

Ẹ̀kẹta ni ìlọ. Fún ẹni tó ń bọ̀ láti inú àrùn ọpọlọ, tàbí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn olóró sílẹ̀, ibi ẹ̀rọ ìlọta le ju ìdí ààrò lọ. Á gbé abọ́ rẹ̀ gba ojú títì. Á tò sí ìlà. Á kí àwọn tó bá níbẹ̀, àwọn kan lára wọn á sì wò ó tìfura-tìfura nítorí wọ́n mọ ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Á san owó, á gba ṣéńjì, á kà á. Òṣìṣẹ́ ìlera á bá a lọ lẹ́ẹ̀kíní, á dúró lókèèrè lẹ́ẹ̀kejì, á jẹ́ kó dá lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe fún un láàárín ògiri mẹ́rin ilé ìwòsàn nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni pípò. Ata, àlùbọ́sà, epo, iyọ̀, ẹja. Ẹni tí ìgbàgbé ń dà láàmú lè fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n to ohun èlò sí ìlà, kí èyí tó bá ti lò nínú wọn di dídojúdé, ìlà náà á sì máa sọ fún un ibi tó bá a dé. Ẹ̀karùn-ún ni pípọ́n. Láti ká ewé eéran, láti ṣẹ́ ìdí rẹ̀, láti bu ẹ̀wà sínú rẹ̀ kó má sì jò, iṣẹ́ àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ni, ìka kan náà tó ń de bọ́tìnnì tó sì ń di abẹ́rẹ́ mú. Nígbà tó bá dé orí iná, dídúró gan-an di iṣẹ́: kí a rántí pé nǹkan wà lórí iná, kí a bu omi sí i kó má jó.

Ẹ̀kẹfà ni pípín, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi ní oúnjẹ ọdún, tí n kò ní oúnjẹ ojoojúmọ́. Oúnjẹ ojoojúmọ́, a ń sè é láti jẹ. Oúnjẹ ọdún, a ń sè é láti fi ránṣẹ́. Ẹni tó ti wà lórí àga fún oṣù mẹ́jọ, tí gbogbo ènìyàn ń fún, tí kò fún ẹnikẹ́ni, á wá rán ọmọ sí agbo ilé kejì pé, “Gbé èyí fún ìyá yín, sọ pé èmi ni mo pọ́n ọn.” Wọ́n á dá abọ́ padà fún un pẹ̀lú ìdúpẹ́. Kò sí eré ìdárayá kan tó lè fún un ní ìyẹn.

Ọdún tún ní ọjọ́. Bí wọ́n bá sọ fún aláìsàn pé kó máa na ọwọ́ sókè lójoojúmọ́, á bi wọ́n pé títí dìgbà wo. Bí wọ́n bá sọ fún un pé Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé òun ni yóò pọ́n ọ̀lẹ̀ ilé, ó ti mọ ibi tó ń lọ. Lọ́dọọdún, Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, Kérésìmesì dúró sí ọjọ́ 25 oṣù December, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Òkukù ní ọdún Olóòkù, níbi tí ọba àti àwòrò ti ń jìjàkadì, tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ń wá oúnjẹ sílẹ̀ de àlejò. Iye ìgbà tí a bá ṣọdún nínú ọdún kan ni iye ìgbà tí a ó mọ bí aláìsàn ṣe ń ṣe sí.

Iṣẹ́ kálukú kò ní dọ́gba. Iyán gígún kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru láìgbọ́ oògùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń fi oògùn olóró sílẹ̀ lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gún un: ọmọ odó méjì nínú odó kan fẹ́ kí ènìyàn máa wo ojú ẹnì kejì, kó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹran Iléyá ní ìṣirò tirẹ̀. Àṣà àwọn Mùsùlùmí ni láti pín in sọ́nà mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ti aláìní. Ọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nínú jàǹbá ọ̀kadà, tí kò lè to nǹkan léra wọn mọ́, kí ó gé àgbò kan, kí ó pín in, kí ó sì rántí ẹni tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ẹni tó bá lè ṣe èyí láìsí ìrànlọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo mọ àwọn ìbéèrè tí yóò ti ọ́fíìsì yín wá, n ó sì dáhùn wọn.

Ewu ńkọ́? Ó wà. Ẹni tí àìsàn ti pa ìmọ̀lára ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ìkòkò gbóná títí awọ rẹ̀ á fi bó. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ dán ọwọ́ wò kó tó súnmọ́ iná. Ẹni tí wárápá ń mú kò gbọdọ̀ dá wà nídìí ààrò tàbí lẹ́bàá epo gbígbóná. Ìdí ewé ni tirẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ lè fi òkèlè pa ara rẹ̀; kí wọ́n yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò kó tó tọ́ ohunkóhun wò. Ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ nìyí, kí ẹ má kàn ní kí nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn tún fi èyí kún un.

Iyọ̀ àti epo ńkọ́? Ibẹ̀ ni èrè mìíràn wà. Bí wọ́n bá fi ẹnu sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ríru pé kó dín iyọ̀ kù, á ní ó gbọ́. Bó bá fúnra rẹ̀ se ọbẹ̀ ọdún tí irú àti ata gbé adùn rẹ̀ dúró, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán láìbéèrè Maggi, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Alátọ̀gbẹ náà á kọ́ bí yóò ṣe díwọ̀n iyán ọdún, nítorí pé bí a bá ní kó má jẹ ẹ́ rárá, ẹ̀yìn ilé ni yóò ti jẹ ẹ́.

Ọkùnrin ńkọ́? Wọ́n á ní ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná. Ta ni ó ń sun ẹran lẹ́bàá títì? Ta ni ó ń kun ẹran Iléyá? Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ̀. Bó bá sì jẹ́ opó ọkùnrin tí kò sẹ́ni tí yóò dáná fún un nílé, kó kọ́ ọkà rírò, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Ọdún ẹni ni kí ẹni sè fún. A kò ní fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìlú wa: abọ́ Iléyá ń wọ ilé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ìrẹsì Kérésìmesì ń wọ ilé Àlàájì, méjèèjì kì í sì í kọ iyán oníṣẹ̀ṣe.

Ìbéèrè tó kàn, èmi ni mo fẹ́ bi yín í. Kí ni yóò dí wa lọ́wọ́ kí ètò yìí má di iṣẹ́ ọ̀fẹ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé àhámọ́ láyé àtijọ́, ní òkèèrè, “iṣẹ́ ń wò wọ́n sàn” ni wọ́n fi ń bojú, tí wọ́n fi ń fi aláìsàn roko, tí wọ́n fi ń fi wọ́n fọṣọ láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà kí ó wà lákọsílẹ̀ pé aláìsàn kò ní dáná fún òṣìṣẹ́, kò ní dáná fún àlejò ìjọba, kò sì ní gba iṣẹ́ alásè ilé ìwòsàn ṣe. Òun àti ìdílé rẹ̀ ló ni ohun tó bá sè. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe lónìí, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé kámẹ́rà wá ya wọ́n pẹ̀lú olóṣèlú tó ń pín àpò ìrẹsì.

Owó ńkọ́? N kò bèèrè ilé tuntun. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní wọ́ọ̀dù 332, n kò sì ní kí ẹ ṣe é ní gbogbo wọn. Ilé ìlera kan ṣoṣo ní ìlú kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ń sọ. Ibi tí òrùlé wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí omi ń ṣàn, tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè wọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, fún ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún péré láti ṣe àtúnṣe sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ọdún márùn-ún ọ̀hún sì ti pé. Kí ààrò jẹ́ ti símẹ́ǹtì tó ga dé ìbàdí, nítorí pé ẹni tó bá lókùnrùn ẹsẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àpótí. Káfíńtà Ìkìrun lè ṣe pákó ìgéǹkan tí wọ́n kan ìṣó méjì sí láti ìsàlẹ̀, kí ẹlọ́wọ́ kan gún iṣu mọ́ ọn, kó sì máa fi ọwọ́ kan bẹ ẹ́. Aṣọ tútù lábẹ́ abọ́ kì í jẹ́ kó yọ̀. Àkísà tí wọ́n wé mọ́ ìdí ọ̀bẹ àti ṣíbí á jẹ́ kó nípọn fún ọwọ́ tí kò lè pa pọ̀ dáadáa. Ìwọ̀nba yìí kò tó owó tí a fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́ jọ́dún.

Òṣìṣẹ́ ńkọ́? Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà fún un ní Òṣódì. Láti 1988 ni òfin ti gbé ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ kalẹ̀. Bí a kò bá gbà wọ́n síṣẹ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń retí wọn.

Ohun tí mo ń bèèrè, kí n kà á lẹ́sẹẹsẹ:

Ìkíní, ẹ sọ fún ará ìlú iye oníṣẹ́ occupational therapy tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbà, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n wà.

Èkejì, ẹ gba ẹnì kan, ó kéré tán, fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kó máa yí láàárín wọn, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, kí Àjọ Adójútòfò Ìlera fi ìtọ́jú yìí kún ohun tí owó adójútòfò ń san, kí ìdílé má baà yan láàárín owó ọkọ̀ àti owó ọdún.

Ẹ̀kẹrin, kí ará ilé kan máa bá aláìsàn wá, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìgbà tó yẹ kó ran aláìsàn lọ́wọ́ àti ìgbà tó yẹ kó káwọ́ lẹ́yìn. Kí wọ́n kọ ìlànà náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kó mú un relé.

Ẹ̀karùn-ún, kí òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2023, tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, má parí sórí ìwé. Ẹni tó bá ti ilé ìwòsàn ọpọlọ dé, kí ètò yìí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí yóò gbà á wọlé.

Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́fà yẹn wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ tó mọ ìwádìí bá wa ka èsì rẹ̀. Bí ọdún méjì bá kọjá tí a kò rí ìyàtọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò ní bínú.

Ẹ̀yin Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Owó kọ́ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Bí ọdún ìlú bá ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn baálé àti ìyá agbo ilé gbọ́ láti ẹnu yín pé kì í ṣe àìmọ̀wàáhù ni láti gbé iṣẹ́ lé aláìsàn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìjọba bá sọ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì wọlé.

Kọmíṣánnà wa, Iléyá kan ń bọ̀, Kérésìmesì kan ń bọ̀. N kò retí pé kí gbogbo èyí parí kí èkíní tó dé. Ohun tí mo retí ni ìdáhùn sí ìkíní nínú ohun mẹ́fà tí mo kà: iye àwọn oníṣẹ́ náà, àti ibi tí wọ́n wà. Nọ́ḿbà ni mo bèèrè, àlàyé tó kù lè tẹ̀lé e. Bí nọ́ḿbà náà bá jẹ́ òdo, ẹ kọ òdo ránṣẹ́ sí wa, kí a lè mọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Ọmọ Odò-Ọ̀tìn kan, Ìnísà.